Odò Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀gágun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àṣìṣe Àwọn Olórí Ogun

Olùkọ́ ìtàn ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Okun, ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sí èyí tí ìbéèrè ń tẹ̀lé tó ọ̀rọ̀ ogun, ìbéèrè náà kì í sì í tán sí kíláàsì. Àwọn òbí máa ń dá mi dúró ní ọjọ́ ọjà Kàbà, àwọn àgbà a sì máa fi ìtàn tiwọn gbe ìtàn tèmi wò. Mo ti wá kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù lọ jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí òye mi ṣe tó. Ohun kan tí mo gbà gbọ́ yóò máa hàn nínú àwọn ìdáhùn náà: olórí ogun kì í sábà ṣubú níbi tó kọjú sí. Ibi tó kẹ́yìn sí, níbi tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ wà, tí odò rẹ̀ wà, tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ sì wà, ni ìṣubú ti máa ń bá a.

Kí là ń pè ní àṣìṣe ètò ogun, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí àṣìṣe ojú ìjà?

Bí balógun kan bá ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba apá òsì òkè nígbà tó yẹ kí wọ́n gba apá ọ̀tún, tí ogún ènìyàn sì bá a lọ, àṣìṣe ojú ìjà nìyẹn. Ó dunni, ṣùgbọ́n ìgboyà àti làákàyè lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Àṣìṣe ètò ogun ni èyí tí olórí ti ṣe kí ìbọn tó dún rárá: ẹni tó yàn ní ọ̀tá, ìgbà tó yàn láti jà, ọ̀nà tí oúnjẹ àti ẹ̀tù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tó fọkàn tán, àti ibi tó kó agbára rẹ̀ jọ sí. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni akọni ọmọ ogun kì í rí ṣe nǹkan kan sí, torí pé bó ti wù kí wọ́n jà tó, ibi tí kò yẹ kí wọ́n wà ni wọ́n wà.

Ǹjẹ́ ogun kan wà nílẹ̀ wa níbí tó fi èyí hàn?

Ó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ ogun Bídà, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Tápà, fi ń sọdá Odò Ọya wá sí ilẹ̀ Òwé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà láti gba ìsákọ́lẹ̀ àti láti kó ènìyàn lẹ́rú. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ fún wa pé, nígbà tí ìyá tirẹ̀ wà lọ́mọdébìnrin, wọn kì í dáná lọ́sàn-án bí wọ́n bá ti gbọ́ pé Tápà wà nítòsí, kí èéfín má baà tú àṣírí ibi tí wọ́n sá sí lórí òkè. Mi ò sọ èyí láti dá ìkùnsínú sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn Nupe, tí a jọ ń nájà tí a sì jọ ń fẹ́ra lónìí. Mo sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà á lè mọ ìdí tí ogun náà fi wà nílẹ̀ wa nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1897 bẹ̀rẹ̀, apá ńlá kan nínú ọmọ ogun Bídà wà ní agbègbè Kàbà lábẹ́ Muhammadu, tó jẹ́ oyè Makun, nígbà tí Etsu Abubakar, ọba Bídà, fúnra rẹ̀ wà ní Bídà pẹ̀lú àwọn tó kù. Odò Ọya ló wà láàárín wọn. Àsìkò yìí gan-an ni Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ George Goldie, pinnu láti gbógun lọ bá Bídà. Ọmọ ogun tó kó jáde ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ 6 oṣù Kínní kò ju nǹkan bí 500 lọ, àwọn ọ̀gá òyìnbó tó wà pẹ̀lú wọn jẹ́ nǹkan bí 30, àwọn aláàárù sì tẹ̀lé wọn. Kàbà ni wọ́n kọ́kọ́ dorí kọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni àwọn Tápà ti kó kúrò.

Ohun tó sọ ogun náà di èyí tó ṣeé jà fún Goldie kò ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ rárá. Ó ti fi àwọn ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ náà, tí ìbọn wà nínú wọn, ṣọ́ odò, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń sọdá, kò sì sí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó lè kó ọmọ ogun kọjá. Àwọn tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa wà láàyè, ẹṣin wọn wà, ìbọn wọn wà, ṣùgbọ́n Bídà kò ní wọn mọ́. Goldie sọdá, ó jà fún ọjọ́ méjì ní Bídà, ìlú náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní.

Kí ni àṣìṣe Abubakar níbẹ̀? Kì í ṣe pé ó ní ọmọ ogun ní Kàbà. Àwọn Etsu tó ṣáájú rẹ̀ náà ní. Ohun tó ṣe ni pé ó fi agbára rẹ̀ sí òdìkejì omi tí ẹlòmíràn ti gbà. Láti ọdún 1886 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún ilé-iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń ná odò náà lójú gbogbo ayé. Nígbà kan, ọ̀nà ni odò yẹn jẹ́ fún Bídà. Ó ti di odi, Etsu kò sì yí ètò ogun rẹ̀ padà láti bá ohun tí odò náà ti dà mu. Ohun kejì ni pé ààfin fúnra rẹ̀ ti là sí méjì. Makun tó wà ní Kàbà ní oyè tirẹ̀ lọ́kàn, Goldie sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun náà ló fi jẹ Etsu lẹ́yìn ogun. Abubakar padà sórí ìtẹ́ nígbà tí Goldie lọ tán, ṣùgbọ́n ní ọdún 1901, Lugard, tó ń ṣàkóso àríwá fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tún yọ ọ́, ó sì tún fi Muhammadu jẹ.

Nígbà kan mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí etí odò ní Lọ́kọ́ja. Ọyẹ́ ti bò, a kò rí òdìkejì dáadáa. Mo ní kí wọ́n rò ó pé àwọn ni ọmọ ogun tó wà níbí, pé wàhálà ti bá ọba wọn ní òkè ọ̀hún, pé ọkọ̀ kan tó ní ìbọn sì ń lọ ó ń bọ̀ ní àárín omi. Wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, “Sà, ṣé Etsu ò rí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn láti ọjọ́ yìí wá ni?” Mi ò ní ìdáhùn tó dára ju pé ó rí wọn, ó sì ti mọ́ ọn lójú.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kà èyí bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ òyìnbó náà wá gba àwọn bàbá wa sílẹ̀ nítorí ìfẹ́. Òwò àti ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn bàbá wa náà kò káwọ́ gbera láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlú kan ti para pọ̀ ní Ògìdì láti kọjú ìjà sí Bídà kí Goldie tó gbéra ní Lọ́kọ́ja.

Ṣé kì í ṣe ìbọn Maxim ló ṣẹ́gun Bídà? Kí ni ọ̀rọ̀ àṣìṣe wá ń ṣe níbẹ̀?

Ẹni tó bá ní ìbọn Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra láìdúró, kò ṣe nǹkan kan, kò sọ òótọ́. Ìbọn Maxim àti àgbá ńlá ló mú kí ọmọ ogun 500 lè dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ ọdún kan péré ṣáájú, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1896, ọmọ ogun Ítálì tó ní ìbọn ìgbàlódé àti àgbá pàdánù ogun pátápátá ní Adwa, lọ́wọ́ ọba Menelik ti Etiópíà. Menelik náà ní ìbọn, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti Ítálì lọ fíìfíì. Síbẹ̀, oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ibùdó rẹ̀. Ká ní ọ̀gágun Baratieri tó ń darí ọmọ ogun Ítálì ní sùúrù ọjọ́ díẹ̀ sí i ni, ebi ìbá tú ọmọ ogun Etiópíà ká láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n Crispi tó ń ṣe olórí ìjọba ní Róòmù ti fi wáyà ránṣẹ́, ó ń fi í ṣẹ̀sín pé kò jà. Àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ náà ní kí àwọn kọlù. Ó kó wọn jáde lóru ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí kò tọ́. Orúkọ òkè kan wà lórí àwòrán náà níbi tí òkè yẹn kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun tẹ̀lé àwọn afinimọ̀nà lọ sí òkè tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní tòótọ́, ó sì bá ara rẹ̀ lóun nìkan níwájú ọmọ ogun Menelik. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀wọ́ kan kò lè ran èkejì lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ohun ìjà a máa fẹ àyè tí olórí ní láti ṣàṣìṣe tàbí kó dín in kù. Etsu Abubakar kò ní àyè púpọ̀. Baratieri ní in, ó sì lò ó tán.

Àwọn olórí ogun Yorùbá ńkọ́?

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Ààrẹ Látóòsà ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1877, Ìbàdàn lágbára ju ìlú Yorùbá èyíkéyìí lọ lójú ogun, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ẹ̀tù àti ìbọn tó ń lò, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbà kọjá. Nínú ọdún yẹn ni Látóòsà bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó fẹ́ máa gbà kó ẹ̀tù wá láti Pọ́tónóvò. Àwọn Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ìlọrin sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìbàdàn wá wà ní àárín, ọ̀tá yí i ká, àwọn tó ń ta ẹ̀tù fún un sì wà nínú ọ̀tá náà.

Ní Kírìjì, àwọn Èkìtì Parapọ̀ ń rí ìbọn tuntun gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ro ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn. Ìbàdàn kò sá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi jà, wọ́n sì jà dáadáa. Látóòsà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885, ìwé àdéhùn ọdún 1886 sì yọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní bí Ògún ẹni bá dáni lójú, à á fi gbárí. Ògún Látóòsà dá a lójú lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀tù mú ìjà.

Àfọ̀njá ti Ìlọrin ni wọ́n tún máa ń bi mí léèrè. Tirẹ̀ ṣe kedere: ó pe àwọn tó máa bá a ja Ọ̀yọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n pọ̀ ju àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó rántí láti tú wọn ká, ó ti pẹ́.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ oúnjẹ tó báyìí? Ṣé ìgboyà kọ́ ló ń ja ogun ni?

Ìgboyà ń ja ogun fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ikùn ló kù.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ti Napoleon, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ó wọ Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹfà ọdún 1812 pẹ̀lú ọmọ ogun tó lé ní ọ̀kẹ́ ogún, ó dé Mọ́sko ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ìlú náà jóná mọ́ ọn lórí, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ márùndínlógójì, ó ń retí ìwé ìbẹ̀bẹ̀ tí ọba Rọ́ṣíà kò kọ. Ọjọ́ márùndínlógójì yẹn ni òtútù fi sún mọ́ ọn.

Èyí tó súnmọ́ wa ju ti Napoleon lọ ni ogun Bọ́mà, torí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà ogun Hitler. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ọ̀gágun Mutaguchi ti Japan kó nǹkan bí 85,000 ọmọ ogun gba orí òkè àti inú igbó láti lọ gba Imphal ní Íńdíà. Oúnjẹ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé dání. Ó ní kí wọ́n máa da màlúù níwájú, tí wọ́n á máa ru ẹrù, tí wọ́n á sì tún jẹ́ ẹran jíjẹ. Ọ̀pọ̀ màlúù náà bá omi lọ nígbà tí wọ́n ń sọdá odò Chindwin, àwọn tó kù kò lè gun òkè. Ohun tó fi ọkàn sí ni pé àwọn yóò gba oúnjẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn bá ti dé Imphal. Gbogbo ètò rẹ̀ dúró lórí oúnjẹ tó wà nínú àká ọ̀tá.

Slim tó ń darí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fà sẹ́yìn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Imphal, níbi tí bàálù ti lè balẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan dí ọ̀nà ilẹ̀, bàálù ń gbé oúnjẹ àti ọta wọlé, ó sì ń gbé àwọn tó fara pa jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọ̀gágun Sato tó ń jà ní Kohima, tó ti ń béèrè oúnjẹ tí kò rí, fà sẹ́yìn láìgba àṣẹ. Mutaguchi yọ ọ́, ó sì yọ àwọn ọ̀gágun méjì yòókù náà.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, Kawabe tó jẹ́ ọ̀gá Mutaguchi wá bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì mọ̀ nínú ara wọn pé ogun ti bàjẹ́. Mutaguchi jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun òun, òun kò lè sọ ọ́ jáde, òun ń retí pé kí ọ̀gá òun kà á lójú òun. Kawabe kò béèrè. Ó padà lọ, ogun sì ń bá a lọ títí di oṣù Keje, bẹ́ẹ̀ ebi àti àìsàn ń pa àwọn ọmọ ogun lójú ọ̀nà. Àwọn tó kú, tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nínú wọn lé ní 50,000. Mélòó nínú wọn ló kú nítorí pé àgbà méjì kò fẹ́ kí ìtìjú bá àwọn?

Ṣé àwọn olórí wọ̀nyí kò ní olùdámọ̀ràn ni?

Wọ́n ní. Ìṣòro tó wà ni irú ẹni tí olórí ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Soviet yí ọmọ ogun Jámánì ká ní Stalingrad ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942, Paulus tó ń darí wọn béèrè àyè láti já jáde. Àwọn ọ̀gá bàálù tó mọ iṣẹ́ wọn sọ pé bàálù kò lè bọ́ ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù. Göring, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ní ó ṣeé ṣe. Hitler mú ọ̀rọ̀ Göring torí pé òun ló bá ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Ó kéré tán, 300 tọ́ọ̀nù ló yẹ kó máa wọlé lójúmọ́. Ohun tó ń wọlé ní ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí 100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 1943, nǹkan bí 91,000 tó ṣẹ́ kù fi ara wọn sílẹ̀ fún ọ̀tá, àwọn tó padà délé nínú wọn kò ju nǹkan bí 6,000 lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa ní ìgbìmọ̀, wọ́n sì ní ìwàrẹ̀fà ní ìlú mìíràn, kí ọba má baà jẹ́ kò-sẹ́ni-tó-lè-bi-mí. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní èyí, mo máa ń fi kún un pé ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn ń kan sáárá sí olórí kò yàtọ̀ sí pé kó dá jókòó.

Nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àṣìṣe wo ló yí ogun náà padà?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń fara balẹ̀ dáhùn jù, nítorí pé àwọn tó jà á ṣì wà láàyè láàárín wa, àwọn tó pàdánù ọmọ àti òbí sì wà láàyè.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha, wọ́n sì gba Ìlú Benin lọ́jọ́ kan náà láìsí ìjà púpọ̀. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ń darí wọn. Bí wọ́n bá ti yára gbéra níbẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, kò sí ọmọ ogun púpọ̀ tó máa dá wọn dúró lójú ọ̀nà Èkó. Wọ́n dúró ní Benin. Ìjọba àpapọ̀ rí àyè kó ọmọ ogun jọ, nígbà tí àwọn ará Biafra sì fi máa dé Òrè, wọ́n bá ìjà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, Benin ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yìnbọn pa Banjo pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn ní Enugu lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, Enugu fúnra rẹ̀ ṣubú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró lórí ìdádúró yẹn. Èmi rò pé àṣìṣe tó tóbi jù wà nínú ìrìn náà fúnra rẹ̀. Biafra kó agbára rẹ̀ sọdá odò nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ láti àríwá sí Enugu. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiyèméjì nípa ogun náà. Bí ọmọ ogun ṣe dé Òrè báyìí, ogun ti di ti ẹnu ọ̀nà wọn, iyèméjì sì pin. Ẹni tó lè dúró ní àárín ti di ọ̀tá.

Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé Asaba ní oṣù Kẹwàá yẹn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ìlú náà tí kò gbé ohun ìjà, ohun tí kò sí ètò ogun kan tó lè dá a láre. Biafra ti ba afárá jẹ́. Murtala Muhammed, tó ń darí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Onitsha lójú ìbọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n kùnà, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sì bá odò lọ. Níkẹyìn, Ìdá, tó wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí lónìí, ni wọ́n ti sọdá, níbi tí kò sí ẹni tó dúró dè wọ́n, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ dé Onitsha ní oṣù Kẹta ọdún 1968. Odò kan náà ni ti ọdún 1897. Ẹni tó bá ti rí Ìdá lórí àwòrán ilẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn jìn, yóò sì tún mọ̀ pé níbẹ̀ ni odò kò ti pa wọ́n.

Ẹni tó ṣẹ́gun kì í ṣàṣìṣe ni?

A máa ṣe é. Stalin pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ogun tirẹ̀ ní ọdún 1937 àti 1938, kò sì ka ìkìlọ̀ sí títí Jámánì fi wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1941. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ló kú tàbí tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ọdún yẹn. Ó ní ilẹ̀ tó fẹ̀, ó ní ènìyàn, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí sí àwọn ọ̀gágun bíi Zhukov, nígbà tí Hitler ń lé tirẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè kékeré kì í ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ kì í ṣe àbòsí ni kí àwa tí a ti mọ òpin máa dá wọn lẹ́bi?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n bo ojú ìwé tó kàn. Ẹ béèrè ohun tí olórí náà mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Baratieri kò mọ̀ pé àwòrán ilẹ̀ òun kò tọ́, èmi kò lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn; ó mọ̀ pé sùúrù ló dára jù, ó sì jẹ́ kí ìwọ̀sí lé òun jáde. Mutaguchi mọ iye oúnjẹ tó wà lọ́wọ́. Látóòsà mọ ẹni tó ń ta ẹ̀tù fún un. Etsu Abubakar ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń ṣòro fún mi, torí kò tíì pẹ́ lórí ìtẹ́, Kàbà tó jogún bá kì í sì í ṣe ohun tó rọrùn láti fi sílẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè tó ń jẹ lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kò ní ọ̀nà mìíràn, n ó tẹ́tí sí i.

Níbo ni mo ti lè fi ojú ara mi rí nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí nítòsí?

Ẹ lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ kọ́kọ́ gun Òkè Patti, kí ẹ rí bí Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ṣe pàdé, tí àwọ̀ omi méjèèjì kò sì tètè dàpọ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìdí tí ẹni tó bá di Lọ́kọ́ja mú fi di ọ̀nà púpọ̀ mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n sin àwọn ọba àríwá tí òyìnbó lé kúrò lórí ìtẹ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Aliyu, ọba Kano. Nígbà tí ọdún 1903 bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ ní Kano, ó ti kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó dára jù lọ sí Sókótó, níbi tí ìtẹ́ Sultan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹni tuntun. Odi Kano ga, ó sì nípọn, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nílé, ìlú náà sì ṣubú ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì. Ojú ọ̀nà ni ìròyìn ti bá Aliyu. Ó fi ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ lóru, Wàsíírì, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, ló kó wọn jà, Wàsíírì náà sì kú síbẹ̀. Wọ́n mú Aliyu, wọ́n sì gbé e wá sí Lọ́kọ́ja nígbà tó yá, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1926.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá kó ọmọ dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó súnmọ́ ibojì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tó bá wù wọ́n.